Àtẹ́lẹwọ́ Ẹ̀yìn Àwòrán Mausi

Iṣẹ́ férémù ni mo ṣe jẹun, láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógún títí ojú mi fi kọ̀ tí kò rí ìlà orí rúlà mọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá bá mi ní Ìbẹ̀rẹ̀kò níbí, tí ẹ ń béèrè bóyá iṣẹ́ ọnà ṣe é fi ayé ẹni ṣe, ẹ̀rín ni mo fi máa ń dá yín lóhùn. Màá fún yín lómi tútù, màá sọ ibi tó dùn fún yín, ẹ ó sì máa lọ. Ibi tí kò dùn ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ lónìí. Bí ẹ bá kà á tán tí iṣẹ́ náà ṣì wù yín, ẹ padà wá, màá fi ayùn mi ta yín lọ́rẹ.

Síkírátù ni orúkọ mi. Aláṣọ ni bàbá mi nínú ìlú Àgbádárìgì, aláṣọ ni ìyá mi náà. Nílé wa, ọmọbìnrin tó bá ti ka Kùránì tán, ṣọ́ọ̀bù ló kàn. Èmi ò lè jókòó sí ṣọ́ọ̀bù. Ọwọ́ mi máa ń yún mi bí mi ò bá rí nǹkan kàn tàbí gé. Ìgbà tí owó epo dé ni, tí gbogbo ayé ń kọ́lé, tí wọ́n ń la títì ńlá láti Èkó bọ̀ lọ́dọ̀ wa, kò sí ẹni tó ráyè bi ọmọbìnrin léèrè ibi tó ń lọ. Bí mo ṣe rìn wọ Ilé Ọwọ́ Wa nìyẹn. Wọ́n gbà mí, wọ́n ń fún mi lówó oúnjẹ, ọ̀rọ̀ yẹn ò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilé Ọwọ́ Wa wà létí ọ̀sà, ilé àtijọ́ kan tí páànù rẹ̀ ti jẹrà. Obìnrin mọ́kànlá ló ni ín. Àwọn kan ń ya àwòrán, àwọn kan ń mọ ìkòkò, àwọn yòókù ń hun ẹní aláràbarà. Wọ́n jọ ń gbé iṣẹ́ wọn kọ́ sára ògiri kan náà, wọ́n jọ ń tà á, wọ́n jọ ń pín èrè. Àwọn ará ìlú ń sọ ọ́ kiri pé ẹgbẹ́ àwọn tó kórìíra ọkùnrin ni. Irọ́ ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé kí ilé náà tó wà, bí obìnrin bá ya àwòrán, ọkọ rẹ̀ ló máa gbé e lọ tà, á sì tún sọ fún oníbàárà pé òun lòun yà á. Ó sú wọn.

Ẹni tó kó wọn jọ ni ọ̀gá mi. Màmá Àjárá ni gbogbo wa ń pè é, nítorí Àjárá ni ilé bàbá rẹ̀. Opó ni, ó ti ṣe olùkọ́ rí, ó ga, ó gbẹ, ẹ̀rín rẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n ju ìṣó lọ. Òun ló ṣe òfin ilé náà. Àwòrán kankan tí wọ́n bá tà ò gbọdọ̀ jáde, àfi tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ bá ti fi osùn tẹ àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún wọn sí ẹ̀yìn rẹ̀. Osùn pupa tí a fi ń kun ọmọ ìkókó yẹn náà ni. Púpọ̀ nínú wọn ò mọ orúkọ wọn kọ, ó sì máa ń sọ pé ọkọ lè bá ìyàwó kọ orúkọ, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹwọ́ ò ṣe é yá lò. Bí ọwọ́ kan bá dín, àwòrán padà sára ògiri nìyẹn. Mo rí òyìnbó kan tó fi ìbínú wọ mọ́tò rẹ̀ lọ nítorí ọwọ́ kan ṣoṣo.

Ọ̀gá mi le. Ọdún kan gbáko ni mo fi gbá èérún igi kó tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan ayùn. Awọ màlúù la fi ń se gọ́ọ̀mù nígbà náà, òórùn rẹ̀ a máa tẹ̀ lé mi délé, ìyá mi á sì ní kí n jókòó síta. Bí mo bá kan férémù tán, Màmá Àjárá á gbé igun rẹ̀ sókè sí oòrùn, á fi ojú kan wo ibi tí igi méjì ti pàdé. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ níbẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, á fi orúnkún ṣẹ́ ẹ. Kò ní pariwo rárá.

“Síkírá, tún un ṣe.”

Ìyẹn nìkan. Ìbá sàn fún mi kó nà mí.

Ó tún ní kí n máa kí àwọn àwòrán láàárọ̀ kí n tó ṣí fèrèsé. “Ẹ káàárọ̀ o, mo fẹ́ ṣílẹ̀kùn.” Mo rò pé ó fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín ni. Lọ́jọ́ kan mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti kí wọn. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ wọlé, mo rí i pé gbogbo àwòrán tó lójú, tó nímú, ló ti wọ́ sí apá òsì, bí ìgbà tí ẹnì kan pè wọ́n láti apá ibẹ̀. Àwòrán igi àti àwòrán ọkọ̀ ojú omi dúró gbọnin ní tiwọn. Màmá Àjárá wọlé, ó wò ó, ó ní atẹ́gùn ọ̀sà ni. Ṣùgbọ́n ó kí wọn níkọ̀ọ̀kan kó tó fọwọ́ kàn wọ́n láti tò wọ́n padà. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń kí wọn.

Nínú àwọn obìnrin mọ́kànlá náà, Mausi ló sún mọ́ mi jù. Ègùn ni, ó fi ọdún díẹ̀ jù mí lọ, apẹja ni ọkọ rẹ̀, abúlé wọn sì wà ní òdìkejì ọ̀sà. Èédú, amọ̀ pupa àti ẹfun ló fi ń ya àwòrán, sórí pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe àjà ilé. Nígbà tó lóyún àkọ́kọ́, ó wù ú láti ya ojú ara rẹ̀. Kò ní dígí. Ó bu omi sínú ọpọ́n ńlá, ó tẹríba wò ó, ó sì ń yà á bó ṣe ń rí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi yà á. Nínú gbogbo ọdún tí mo lò lẹ́nu iṣẹ́, n kò rí irú àwòrán yẹn mọ́. Obìnrin inú rẹ̀ kì í wò yín bí ènìyàn ṣe ń wo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Láti ìsàlẹ̀ omi ló ti ń wò yín. Àwọn àlejò máa ń sún sẹ́yìn níwájú rẹ̀ láìmọ̀.

Èmi ni mo kan férémù rẹ̀. Màmá Àjárá gbé igun rẹ̀ sókè sí oòrùn, ó yí i, ó wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì rọra gbé e kalẹ̀. “Ó dáa,” ló wí. Mo ń fò láti ibẹ̀ délé.

Lọ́jọ́ tí Mausi ń lọ sílé láti lọ bímọ, mo sìn ín dé èbúté.

“Síkírá,” ló wí, “mi ò fẹ́ kí wọ́n ta ojú mi yẹn o. Bí àwọn Màmá bá dábàá ẹ̀, sọ fún wọn pé Mausi ní éò.” Éò ni bẹ́ẹ̀ kọ́ lédè Ègùn.

“Kí lo wá fẹ́ fi ṣe?”

“Ọmọ yìí ni mo máa fi hàn. Kó rí bí mo ṣe rí nígbà tó ṣì wà nínú mi.” Ó fọwọ́ gbá ikùn rẹ̀ jẹ́jẹ́. “Bó bá burẹ́wà, kó mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi ló ti rí i.”

A rẹ́rìn-ín títí. Ó wọ ọkọ̀, ó ń juwọ́ sí mi. Mi ò rí i mọ́ láyé.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, alágbàṣe kan, kọngílá ìjọba, dé láti Èkó, ọ̀kan nínú àwọn tí owó epo sọ di ńlá lójijì. Ó dúró níwájú àwòrán Mausi, ó sún sẹ́yìn bíi ti gbogbo ènìyàn, ó sì ní òun á gbé e kọ́ sí pálọ̀ òun tuntun. Ó ní bí a bá lè fún òun, òun á kan páànù tuntun sí gbogbo ilé wa kí òjò tó dé. Òjò ọdún tó kọjá ti ba iṣẹ́ púpọ̀ jẹ́ fún wa. Àwọn obìnrin wo ara wọn. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ọwọ́ mẹ́wàá ti wà lẹ́yìn àwòrán náà. Ó ku ti Mausi.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Ohun tí kò jẹ́ kí n sọ ọ́ nìyí, ẹ má rẹ́rìn-ín. Alágbàṣe náà fi ìka tọ́ igun férémù, ó ní, “Ta ló kan eléyìí? Ìlú òyìnbó ni mo ti máa ń rí irú ẹ̀ o.” Orí mi wú. Lọ́kàn mi, mo ti rí férémù mi nínú pálọ̀ ńlá l’Ékòó, tí àwọn olówó ń bi ara wọn léèrè ẹni tó kàn án. Mo pa ẹnu mi mọ́.

Màmá Àjárá ní láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tó jẹ́ Ọjọ́rú, kí n gbé àwòrán náà sọdá lọ bá Mausi, kó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ tàbí kó kọ̀. Ó we é sínú aṣọ, ó bu osùn fún mi nínú igbá kékeré kan.

Ọyẹ́ ń mú nígbà náà. Kùrukùru bo ọ̀sà lọ́jọ́ yẹn débi pé mo jókòó sórí pákó èbúté, mi ò sì rí omi tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Kò sí ọlọ́kọ̀ kankan. Mo ń dúró. Nígbà tó yá, mo gbọ́ àjẹ̀ tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀. Ó ń ti òdìkejì bọ̀, ó ń bọ̀ tààrà sọ́dọ̀ mi, kò yára, kò sì sinmi. Mo dìde. Ó sún mọ́ mi débi pé mo gbọ́ omi tó ń kán lára àjẹ̀ náà, síbẹ̀ ọkọ̀ kankan ò yọ.

“Ta nìyẹn?” Mo kígbe.

Ìró àjẹ̀ náà dúró.  Mo mọ̀ pé ẹnì kan wà níbẹ̀, bí ènìyàn ṣe máa ń mọ̀ pé ẹnì kan wà nínú yàrá tó ṣókùnkùn.

Ẹ̀rù bà mí, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rù ló mú mi ṣe é. Mo rò ó pé bí mo bá sọdá, éò ni Mausi máa wí, férémù mi á sì padà sára ògiri wa. Mo tú aṣọ, mo ki ọwọ́ ọ̀tún mi bọ osùn, mo tẹ̀ ẹ́ sí àyè kọkànlá. Bí mo ṣe gbé ọwọ́ kúrò báyìí, àjẹ̀ yẹn bẹ̀rẹ̀ padà. Ó ń lọ. Ó ń jìnnà díẹ̀díẹ̀, títí mi ò fi gbọ́ ọ mọ́. Mo fọ ọwọ́ mi nínú ọ̀sà, mo jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi mú, mo sì padà sílé.

“O rí i?” Màmá Àjárá bi mí.

“Mo rí i, mà.”

“Òun fúnra ẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́?”

“Òun ni, mà. Ó ní kò burú.”

Ó gbà mí gbọ́, nítorí n kò purọ́ fún un rí.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọkọ Mausi sọdá wá. Àwòrán ṣì wà lọ́dọ̀ wa. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fìlà rẹ̀ lọ́wọ́, ó kọ̀, kò wọlé. Ó ní Mausi bí ọmọbìnrin. Ọmọ wà láàyè. Ìyá ti lọ.

“Ìgbà wo?” Màmá Àjárá béèrè.

“Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lọ́sàn-án. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn náà la sin ín.”

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́rú lèmi lọ sí èbúté. Gbogbo ojú tó wà nínú ilé náà ló yí sí mi lẹ́ẹ̀kan.

Ẹnu mi ṣí, mo fẹ́ sọ ọ́. Mo fi Ọlọ́run tó dá mi búra, mo fẹ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n Màmá Àjárá ti kúnlẹ̀. Obìnrin tí kì í tẹ̀ fún ẹnikẹ́ni kúnlẹ̀ níwájú èmi ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú. “Mausi wá,” ló ń wí. “Ó kú tán, ó sì wá fọwọ́ sí i fún wa.” Ó dìde, ó yí àwòrán náà padà, ó tọ́ka sí àtẹ́lẹwọ́ kọkànlá. “Ẹ wo ìka rẹ̀ tó kéré jù. Ṣé ẹ rí i bó ṣe tẹ̀?”

Ìwọ̀ apẹja ti ba ìka Mausi jẹ́ nígbà èwe. Ó tẹ̀ bí ìrù ẹja tí wọ́n fi iná yan. Mo wo àmì osùn náà. Ìka ibẹ̀ tẹ̀. Mo wo ọwọ́ mi. Ìka tèmi nà gbọọrọ. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn títí ó fi rẹ̀ mí. Ó lè jẹ́ pé ọwọ́ mi gbọ̀n nígbà tí mo ń tẹ̀ ẹ́. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. 

Ọkọ Mausi ní kí wọ́n gbé àwòrán náà lọ, òun ò lè wò ó. Alágbàṣe gbé e lọ, ó sì kan páànù wa bó ṣe wí. Ká ní Mausi wà láàyè ni, irọ́ mi á tú, màá jẹ ìyà mi, ọ̀rọ̀ á tán. Ikú rẹ̀ ló sọ irọ́ mi di iṣẹ́ ìyanu. Títí dé Ṣẹ̀mẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ìtàn ọmọbìnrin tí òkú pàdé ní èbúté. Àwọn obìnrin á wá sílé wa, wọ́n á bi ìyá mi bóyá wọ́n lè rí mi. Bàbá mi, tó ti ń bínú pé mò ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà, dẹ́kun ìbínú, ó ń fi ìbẹ̀rù kí mi lórí ìjẹun.

Ọ̀rọ̀ náà wá di àṣà. Láti ìgbà náà, bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá kú, wọ́n á tẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ tó gbẹ̀yìn sílẹ̀ ní ìdojúbolẹ̀ nínú yàrá ẹ̀yìn, wọ́n á gbé igbá osùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èmi ni màá sì ti ilẹ̀kùn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Èmi náà ni màá ṣí i. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ rí. Obìnrin mẹ́rin ni a ṣe é fún, kò sí nǹkan kan, ọkàn mi sì ń balẹ̀. Nígbà tí Màmá Àjárá kú, a ṣe é fún òun náà. Mo ti ilẹ̀kùn fúnra mi, mo gbé kọ́kọ́rọ́ sápò, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mi ò dìde àfi fún ìrun. Nígbà tí mo ṣí i, ẹ̀yìn àwòrán náà mọ́ nigín. Ṣùgbọ́n ojú osùn inú igbá ti dá ihò márùn-ún, bí ìgbà tí ẹnì kan ti ìka bọ̀ ọ́, tó wá rò ó, tó sì yọ ọ́ padà. Alángbá ni, mo sọ fún ara mi. Mo ru osùn náà pọ̀ kí àwọn yòókù tó wọlé. Mo sunkún fún Màmá Àjárá ju bí mo ṣe sunkún fún ìyá tó bí mi lọ, nítorí ó kú láìmọ irú ẹni tó kúnlẹ̀ fún.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ayé le. Owó epo ti gbẹ, Sáàpù, ètò ìjọba tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, ti dé, ìṣó gan-an di ohun tí à ń nà tí à ń lò lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn àlejò láti Èkó ò wá mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìjì kan ti orí òkun wá, kò pẹ́ ju ìgbà tí ènìyàn fi ń jẹun lọ. Ó ṣí gbogbo páànù alágbàṣe náà ní odindi, ó gbé e, ó sì rọra tẹ́ ẹ sórí ọ̀sà bí ẹni tẹ́ ẹní. Òjò wọlé bá wa. Nígbà tó dá, gbogbo ojú tó wà lára ògiri ti ṣàn lọ sílẹ̀, èédú àti amọ̀, gbogbo ilẹ̀ pupa. Mo fi ẹsẹ̀ lásán dúró nínú wọn. Iṣẹ́ ogún ọdún àwọn obìnrin ni mò ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn.

Páànù tí a fi ojú Mausi gbà ti lọ, mo wá rò ó pé ó yẹ kí ojú náà padà wálé. Mo wá ilé alágbàṣe náà rí l’Ékòó. Ó ti ṣubú, ó ti sá lọ sókè òkun, ọdẹ tó ń ṣọ́ ilé ló kù. Ó mú mi wọ pálọ̀. Mo rí ibi tí àwòrán ti wà lára ògiri: ọ̀dà ibẹ̀ ṣì tuntun, ní ìwọ̀n férémù mi gẹ́lẹ́. Lábẹ́ rẹ̀, ògiri tutù.

“Ìyàwó ọ̀gá ló ní kí wọ́n gbé e kúrò,” ọdẹ náà wí. “Ó ní omi máa ń jáde lára ẹ̀.”

“Níbo ni wọ́n gbé e lọ?”

“Màmá, kò sẹ́ni tó mọ̀.”

Mo fọwọ́ kan ògiri náà, mo sì padà sí Àgbádárìgì.

A tún ilé kọ́ díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ yí padà lójú mi. Ayùn oníná dé, tí à ń fi jẹnẹrétọ̀ tàn. Gọ́ọ̀mù inú ike lé awọ màlúù lọ. Férémù oníròọ́bà dé láti Kútọ̀nú, tí kò sí igun rẹ̀ tí ènìyàn lè gbé sókè sí oòrùn. Báyìí, àwọn ọmọ wa ń ya àwòrán sínú fóònù. Ó rẹwà, mi ò ní bú u. Ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀yìn, mi ò mọ ibi tí wọ́n á ti máa tẹ ọwọ́.

Ní ọdún tí mo fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, lọ́sàn-án gangan, mò ń fọ gọ́ọ̀mù kúrò lọ́wọ́ nínú àgbá omi tó wà lẹ́yìn ilé. Omi náà pa rọ́rọ́. Mo wò ó, ojú Mausi sì ń wò mí láti ìsàlẹ̀. Ó rí gẹ́lẹ́ bó ṣe wà lára pákó.  Ojú náà la ẹnu.

“Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o.”

Mo yí padà. Obìnrin kan dúró lẹ́yìn mi, ó gbé báàgì kọ́ apá. Yorùbá rẹ̀ gba ti Ègùn kọjá. “Sènámì ni mò ń jẹ́. Kútọ̀nú ni ìyá ìyá mi ti tọ́ mi. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ rí ìyá mi lẹ́yìn tó kú.”

Mo ní kó jókòó. Ó jókòó, kò gba omi tí mo gbé fún un.

“Gbogbo ènìyàn ló ń sọ ìtàn náà fún mi bíi pé ẹ̀bùn ni,” ló wí. “Wọ́n ní ìyá mi lágbára, ó kú tán ó tún dìde. Màmá, mo wà níbẹ̀. Mo wà lórí ẹní, mò ń sunkún, wọ́n ń fi omi ṣúgà sí mi lẹ́nu. Ìyá mi lẹ́sẹ̀ láti rìn, kò wá wò mí. Ẹ̀yìn àwòrán ló lọ fọwọ́ sí, kí wọ́n lè tà á. Ó ta ojú ẹ̀, kò sì fi nǹkan kan sílẹ̀ fún mi. Mo fẹ́ mọ ohun tó sọ fún yín. Ṣé ó dárúkọ ọmọ kankan?”

 Mo lè fún un ní ọ̀rọ̀ tó dùn. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni, kò sẹ́ni tó máa já mi. Ohun tó lè gbà mí lọ́wọ́ ìtìjú àti ohun tó lè gba òun lọ́wọ́ ìbínú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà. Mo wolẹ̀ níwájú rẹ̀, èmi àgbà.

“Mi ò rí i,” ni mo wí. “Mi ò sọdá. Èmi ni mo tẹ ọwọ́ yẹn.”

Mo sọ gbogbo rẹ̀: ìgbéraga mi, igbá osùn, kùrukùru, àjẹ̀ tó wá, tó dúró, tó padà, ìka tó tẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ èbúté fún un bí Mausi ṣe sọ ọ́, kò kù síbì kan. “Éò ló ní kí n sọ. Ó ní ọmọ òun ni òun máa fi hàn.”

 Ó dìde, ó rìn lọ sí etí ọ̀sà, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó dúró síbẹ̀ títí òjìji rẹ̀ fi gùn. Mo rò pé ó máa lọ ni. Ó padà wá. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

“Àjẹ̀ yẹn,” ló wí. “Ẹ̀yin àti gbogbo ènìyàn ń rò pé ó wá láti gbà kí wọ́n tà á. Bóyá ó wá sọ fún yín pé éò ni.”

Mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Ní gbogbo ọdún yẹn, mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo wà níbẹ̀, èmi ni mo kígbe mọ́ ọn.

“Mo ti ń bínú sí i láti kékeré,” Sènámì wí. “Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n máa bínú sí i. Mi ò lè dárí jì yín lónìí, Màmá, mi ò mọ ìgbà tí mo lè ṣe é. Ẹ dìde nílẹ̀.” Ó fà mí lápá, kò fà mí jẹ́jẹ́, ó gbé mi jókòó sórí àga. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi, ó sì di ojú rẹ̀. “Ó pẹ́ tẹ́ ẹ fi wà pẹ̀lú àwòrán yẹn?”

“Oṣù méjì. Mo mọ gbogbo ìlà rẹ̀.”

“Ó dáa. Ẹ sọ bó ṣe rí fún mi. Ẹ má yára.”

Mo bẹ̀rẹ̀ láti iwájú orí.